Gíláàsì Tí Kò Yẹ Kó Gba Àwọ̀

Fareedah ti rẹ́ ẹran náà, ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Ó ti tẹ́ ẹ sórí gíláàsì méjì, ó sì ń fi omi ṣàn wọ́n. Kókó tí wọ́n gé lọ́rùn Saheed ni, Saheed tó fẹ́ fẹ́ ẹ.

Nínú lábù àyẹ̀wò yìí, ní àdúgbò Pedro l'Ékòó, ni wọ́n ti pàdé. Ṣómólú ni Saheed ti ń tẹ̀wé. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, ó sì rí i pé ìka Fareedah ti di búlúù.

"Àǹtí, ṣé aró lẹ ń rẹ níbí ni?"

"Ẹran là ń rẹ láró, bùrọ̀dá. Ẹ má dí wa lọ́wọ́."

"Aláàdìrẹ ni ìyá mi l'Abẹ́òkúta. Ẹ ti di tiwa nìyẹn!"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Aláró mi.

Gíláàsì kan máa ń gba oògùn tó ń wá àrùn jẹjẹrẹ. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní kọntíróòlù, máa ń gba gbogbo nǹkan yòókù àfi oògùn yẹn. Bí ti àkọ́kọ́ bá di búráùn, tí kọntíróòlù sì mọ́, àrùn wà níbẹ̀. Bí méjèèjì bá di búráùn, irọ́ ni àwọ̀ náà ń pa, kò sẹ́ni tó lè sọ ohunkóhun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méjèèjì ló di búráùn. Fareedah ló gbàgbé láti ta omi tí í pa agbára tí ẹran fúnra rẹ̀ ní láti yí àwọ̀ padà. Ó yẹ kó wí pé, "A ò tíì mọ̀." Ohun tó wí fún Saheed ni pé, "Irọ́ ni àwọ̀ yẹn ń pa, olólùfẹ́ mi."

Saheed gbà pé kò sí àrùn. Ìyá rẹ̀ dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá Fareedah, tó ti ń wí pé òun ò tọ́ ọmọ kó wá fi kékeré di opó, rọ̀. Saheed bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ káàdì.

Ìgò omi tó gbàgbé lọ́jọ́sí ti wà lọ́wọ́ Fareedah báyìí. Bí ó bá fò ó lónìí pẹ̀lú, kọntíróòlù yóò tún dọ̀tí. Ayọ̀ wọn yóò tún gùn díẹ̀ sí i, àrùn náà yóò sì máa rìn lọ nínú ara Saheed. Ó ta á.

Nígbà tí àwọ̀ mú tán, kọntíróòlù ló kọ́kọ́ gbé sábẹ́ awò máíkírósíkóòpù. Búlúù aró nìkan ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí í mú inú rẹ̀ dùn nìyẹn. Lónìí, ó ń bẹ Ọlọ́run fún àbàwọ́n kan ṣoṣo. Kò rí i. Ó gbé gíláàsì àkọ́kọ́ síbẹ̀. Ó pọ́n bí irin tó ti dógùn-ún.

Dókítà Ọládiméjì, ọ̀gá rẹ̀, wò ó. "Iṣẹ́ yìí mọ́, Fareedah. Ó mà ṣe o. Ta ló ni ín?"

"Tiwa ni, sà."

Dókítà buwọ́ lu èsì. Fareedah fọ àwọn abọ́, ó nu tábìlì, ó bọ́ kóòtù rẹ̀ kọ́, ó sì jáde.

Saheed ti ń dúró lẹ́nu géètì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí káàdì kan. "Aláró mi, wo orúkọ wa! Ṣé kò wù ọ́?"

"Saheed. Àwọ̀ náà ò parọ́ mọ́."

Saheed na káàdì náà sí i.

"Rọra mú un. Yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Fareedah di etí káàdì náà mú, ó fi ọwọ́ kejì di Saheed mú, wọ́n sì bọ́ sójú títì.