Káàdì Tí Gbogbo Ayé Ń Gbà

Ní Òrè, níbi tí gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní ti ń dúró jẹun láyé ijọ́un, ni Cecilia ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin tó fẹ́ fi ike sanwó ìrẹsì.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni. Owó epo rọ̀bì wà nílùú, ó sì ń pa àwọn èèyàn bí ọtí. Akọ̀wé tí kò ní àga lọ́fíìsì ń wọ léèsì lọ síbi iṣẹ́. Cecilia ní tirẹ̀, ọmọ Bàbá Gbádéyan olóko kòkó ní Odígbó, tíṣà ló ń ṣe ní Omífunfun. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó jókòó sí búkà Ìyá Ìdáyátù, ó ń retí ọkọ̀ ilé.

Ọ̀gbẹ́ni kan jẹ ìrẹsì àti ẹran ìgbẹ́ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù funfun nu ẹnu, ó sì rọra fi ìka méjì yọ káàdì kan nínú àpò àyà rẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹyin lábẹ́ adìyẹ.

Ìyá Ìdáyátù yí káàdì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ṣé ara yín ò yá ni? Èmi kì í wo aláìsàn o, oúnjẹ ni mò ń tà."

"Kì í ṣe káàdì ọsibítù, Ìyá. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń gbà á."

"Ṣé Òrè ò sí láyé ni?"

Cecilia rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi há a lọ́fun. Ó rò pé ọkùnrin náà máa bínú, àmọ́ ńṣe lòun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀: ó ti gbàgbé pọ́ọ̀sì sọ́fíìsì. Cecilia bá a sanwó.

"Kí lorúkọ yín," ni ọkùnrin náà wí, "kí n lè mọ ẹni tó rà mí padà?"

"Tíṣà ni mí. Ẹ máa mú owó rìn."

Olúgbémiga ni wọ́n ń pè é, ọmọ Èkìtì, ọ̀gá láàárín àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa ṣọ́ igbó ọba. Ó ti lo ọdún kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí kò ní igbó, níbi tó ti lọ kọ́ nípa igi. Ọdún kan péré ni, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ẹtì kan kò kọjá kó má wà ní búkà. Ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ ló ń gbé Cecilia délé. Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ káàdì ló máa ń sọ.

"Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú mi ní báńkì Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan ń dán bíi góòlù, àmọ́ àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá nìkan ló ń gbà á. Ọ̀kan, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ni ín. Mo ní èyí tí gbogbo ọkọ̀ òfurufú ń gbà ni mo fẹ́, torí lọ́jọ́ kan, mo máa mú ẹnìkan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Ta lẹni náà?"

"Kò tíì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Tíṣà ló ń pe ara rẹ̀."

Cecilia yíjú sí fèrèsé ìjàpá, kó má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. "Cecilia ni," ló wí. Ọjọ́ yẹn ni "ẹ" di "o" láàárín wọn.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí Olúgbémiga padà sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún kan sí i. Ó fẹ́ gbé Cecilia níyàwó kó tó lọ, kí wọ́n sì jọ lọ. Òun àti Ọláníran, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Gbádéyan.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ìjọba ló máa gbé ọ lọ. Ta ló máa gbé ọma mi?"

Olúgbémiga yọ káàdì. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà.

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Kírẹ́díìtì káàdì ni, sà."

"Èdè wa ńkọ́?"

Olúgbémiga wo àjà, ó wo Ọláníran. Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù sá kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ó... ó jọ àwìn, sà."

Gbogbo Odígbó ló mọ̀ pé a kì í dárúkọ àwìn nílé yẹn. Àwọn tó ń ra kòkó ti kó ìkórè odindi ọdún kan lọ lọ́wọ́ Bàbá láwìn, a ò sì rí wọn mọ́ títí dòní.

"Àwìn ti gbé kòkó mi lọ," ni Bàbá wí, ó dìde. "Kò ní gbé ọma mi."

Cecilia sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Olúgbémiga ní kó fọkàn balẹ̀: òun máa lọ fi káàdì ra tíkẹ́ẹ̀tì wá láti Èkó, tí Bàbá bá sì ti dì í mú lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tán.

Ní ọ́fíìsì ọkọ̀ òfurufú l'Ékòó, ọmọbìnrin kan tó kun ètè wo káàdì náà, ó fi ìka kan tì í padà. "A kì í gba eléyìí níbí, sà. Náírà, tàbí sọ̀wédowó."

"Sọ fún Bàbá Cecilia pé ọkọ̀ òfurufú ti kún," ni Ọláníran, tó bá a lọ, gbà á nímọ̀ràn. "Ìwọ ṣáà máa lọ. Ìfẹ́ á dúró dè ọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, Olúgbémiga dé sí Odígbó láìso táì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, wọn ò gbà á."

"Wọn ò gbà á?"

"Wọn ò gbà á, sà. Ẹnu mi ló pọ̀ jù. Mo ti ní kí wọ́n fi àyè mi fún Ọláníran. Tí Cecilia ò bá lọ, mi ò lọ."

Ayọ̀ àti àánú dà pọ̀ mọ́ Cecilia nínú. Ó kúnlẹ̀ ti ọkùnrin náà. "Bàbá mi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Látìgbà tí kò ti ní owó ìrẹsì ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀."

Bàbá wo ọrùn tí kò so táì náà.

"Àwọn tó kó kòkó mi lọ," ló wí, "kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá wí pé ọ̀rọ̀ òun ò ṣẹ. Ìwọ padà wá." Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde, jàre. Káàdì rẹ ni wọ́n kọ̀. Ìwọ, a gbà ọ́."

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá Ìdáyátù ló se ìrẹsì. Nígbà tí ọkọ ìyàwó bèèrè iye tó jẹ, obìnrin náà ní, "Ẹ mú káàdì yẹn wá." Ó kàn án mọ́ ara ògiri búkà, lábẹ́ pátákó tó ní: KÒ SÍ ÀWÌN LÓNÌÍ, Ẹ WÁ LỌ́LA.

Títí dòní, wọn ò tíì jọ gun ọkọ̀ òfurufú. Fèrèsé ìjàpá náà ni Cecilia jókòó tì títí ìjàpá fi di àwókù irin. Ìyá Ìdáyátù ti lọ sinmi, wọ́n sì ti fẹ ọ̀nà gba orí búkà. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń lọ kí àwọn ará Odígbó, Olúgbémiga tó ti darúgbó máa ń dẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á sì máa retí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Cecilia mi, ṣebí mo sọ fún ẹ. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń gbà á."

"Òrè nìkan ni wọ́n ti gbà á, olówó orí mi."

"Ṣé Òrè ò sí láyé ni?"