Ahọ́n Ogójì Ọdún àti Omi Dídùn

Ológbò mi ló kọ́kọ́ kú. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ká ní mo fi làákàyè wo ikú rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ọ̀dọ̀ bàbá ọkọ mi.

Aṣọ ni mò ń rán níwájú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni ọkọ mi ti ń tún rédíétọ̀ ọkọ̀ ṣe, iṣẹ́ tó kọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní àṣà kan. Bí wọ́n bá tú omi inú rédíétọ̀, wọn á fi ìka kàn án, wọn á tọ́ ọ wò, wọn á tu ú dànù. Bó bá dùn, kúláǹtì wà níbẹ̀ nìyẹn, omi aláwọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Bí kò bá dùn, omi lásán ni. Bàbá a máa yangàn pé, "Ahọ́n mi kò ṣìnà rí láti ogójì ọdún."

Lọ́jọ́ Ajé, ológbò mi lá kúláǹtì nínú abọ́ tí ọkọ mi tú u sí. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ségesège.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ọtí lo fún un ni?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ara ológbò balẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ ranjú mọ́ ògiri. Mo ní ó ti bọ́. Lọ́jọ́rú, mo bá òkú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan náà. Àwọn aládùúgbò ní ọwọ́ ayé ni, èmi òmùgọ̀ náà sì gbà.

Bàbá ní àtọ̀gbẹ, èmi ni mo sì ń ṣọ́ ẹnu wọn. Ṣúgà kò gbọdọ̀ kan tíì wọn. Wọn a ní, "Ìyàwó mi, ìwọ wọ́dà yìí, ọjọ́ wo lo máa dá mi sílẹ̀?" Màá ní ó di ọjọ́ tí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Nígbà tó di ọ̀sán Àbámẹ́ta, ọkọ mi rọ kúláǹtì tó kù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó gbé e sẹ́sẹ̀ ògiri, ó lọ ra òjé tó fẹ́ fi jó rédíétọ̀. Nígbà tí mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, Bàbá ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń dá rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí lẹ rí tẹ́ ẹ̀ ń rín?"

"Ìyàwó mi, àtẹ̀gùn yìí ń mì." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n rìn ségesège, wọ́n di ògiri mú. Mo sún mọ́ ẹnu wọn. Kò sí òórùn ọtí rárá.

Ọkọ mi dé, ó ní oòrùn ló mú wọn, ká jẹ́ kí wọ́n sùn. A sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Títí di òní, ó ń dùn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá jí, wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n béèrè oúnjẹ.

"Ṣé o rí i?" ni ọkọ mi wí. "Ara Bàbá ti yá."

Mo gbé oúnjẹ jáde. Bàbá ti padà sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ojú wọn ranjú mọ́ ògiri, ibi tí ológbò wò gẹ́lẹ́. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá Ìbejì! Bí ológbò ṣe ṣe nìyí!"

"Bàbá mi lò ń fi wé ológbò?"

"Ó rìn ségesège lọ́jọ́ kìíní. Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta?"

Ọkọ mi yíjú sí ìgò tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri. Ó ti dín sí ìdajì.

"Bàbá, ṣé ẹ mu nínú èyí? Kúláǹtì ni o!" ló kígbe.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ogójì ọdún ni mo ti ń tọ́ ọ wò, ṣé ó pa mí? Nǹkan dídùn ló ń wù mí."

A gbé wọn, a gbé ìgò náà, ó di ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ṣù bo Bàbá. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ pè wá síbi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Mo fojú sí i. Mo rí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin tí wọ́n ń dán. Wọ́n lẹ́wà, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí.

"Inú ìtọ̀ bàbá yín nìwọ̀nyí ti wá," ni obìnrin náà wí. "Kúláǹtì kọ́kọ́ ń pa èèyàn bí ọtí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀dọ̀ á máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ásíìdì ọ́sálíìkì. Ìgbà tẹ́ ẹ rò pé ara wọn ti yá, iṣẹ́ ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ásíìdì yìí ní ọwọ́ méjì. Ó ń fi wọ́n gbá kálísíọ̀mù mú nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú egungun le, wọ́n á di òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n á sì dí kíndìnrín."

Ó wo ọwọ́ ọkọ mi, torí a ti sọ iṣẹ́ àwa méjèèjì fún un. "Ẹ̀yin oníṣẹ́ rédíétọ̀ mọ̀ ọ́n. Kí lẹ fi ń fọ ìpẹtà?"

"Ìyẹ̀fun funfun kan."

"Òun náà ni."

Ọkọ mi káwọ́ lérí. "Èyí tó wà lórí pẹpẹ mi? Òun ló wà nínú Bàbá?"

"Ẹ̀dọ̀ wọn ló ń ṣe é."

Mo bi í bóyá gbogbo ásíìdì ọlọ́wọ́ méjì ló burú báyìí.

"Rárá o, àǹtí. Ìran wọn pọ̀. Ọ̀kan ló ń mú kí èso máa kan lẹ́nu. Ara wa ń lo àwọn mìíràn láti sọ oúnjẹ di agbára. Wọ́n ń fi òmíràn ṣe òwú náílọ́ọ̀nù tí ẹ̀yin télọ̀ fi ń ránṣọ. Kódà, ọ́sálíìkì díẹ̀ wà nínú ẹ̀fọ́. Bó bá ti pọ̀ jù lójijì ló ń di ikú."

Wọ́n fún Bàbá ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ yí kúláǹtì tó kù padà mọ́. Ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Dókítà ní bóyá wọn ì bá má nílò ẹ̀rọ ká ní a gbé wọn wá nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ti wálé, ṣùgbọ́n kíndìnrín wọn kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o. Ẹ má tọ́ omi rédíétọ̀ wò mọ́, ọkọ mi ti ra ohun tí wọ́n fi ń dán an wò. Ẹ má rọ kúláǹtì sínú ìgò ohun mímu láé. Inú ike rẹ̀ ni kó wà, ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ẹ má sì fi abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ìgò lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà máa rẹ́rìn-ín, ì báà ní ara òun ti yá.

Lánàá, Bàbá fi tíì wọn tí kò ní ṣúgà sẹ́nu, wọ́n wo àtẹ̀gùn yẹn.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "ká ní ó korò ni, ǹ bá ti tu ú dànù."

Kì í korò. Ẹ má dúró de ọjọ́ kẹta.