Ọjọ́ Tí Ògbufọ̀ Fọ Etí Màmá Àgbà

"Lónìí, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ọ̀nà," ni Dádì wí, ó sì tún na ara rẹ̀ sórí ibùsùn bí igi tí wọ́n gé lulẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́fà la ti fi ń sá kiri bí ẹni tí wọ́n ń lé. Oorun ni iṣẹ́ tòní. Ẹni tó bá fẹ́ jí mi, kó wá ìdí tó dáa."

"Ẹ máa sùn, ẹ̀yin," ni Mọ́mì dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà, ó gbá aṣọ ìdọ̀tí mọ́ àyà. "Aṣọ ọjọ́ mẹ́fà kò mọ̀ pé ìgbafẹ́ la bá wá."

Yàrá méjì ni wọ́n háyà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ní ìlú kékeré tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ àti ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sí ohun tí àlejò ń wá wò níbẹ̀. Ìdí tí Dádì fi yàn án nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la ni wọn yóò wọ̀ lọ bá àbúrò Màmá Àgbà, obìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fojú kàn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo ìrìn àjò náà. Òkè àti odò àti àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń wò láti ọjọ́ kìíní, èènì ni.

Àbúrò yìí kò ríran mọ́. Màmá Àgbà, ìyá Dádì, kò sì gbọ́ràn dáadáa. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti kú pátápátá. Etí òsì gbára lé ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà méjì lọ. Bí ó bá gbé fóònù sún mọ́ ọn, híhan ni ẹ̀rọ náà máa ń han, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. "Òun kò rí mi, èmi kò gbọ́ ọ," ni Màmá Àgbà máa ń wí. "Ẹ sáà jẹ́ kí a jókòó ti ara wa. Àwa méjèèjì á di odindi èèyàn kan."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ògbufọ̀, ọmọ Dádì àti Mọ́mì. Dádì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní pápákọ̀ òfurufú, nígbà tó hàn gbangba pé ọmọ náà nìkan ni èdè ilẹ̀ òkèèrè náà yọ̀ mọ́ lẹ́nu nínú gbogbo wọn. Ọdún mẹ́rin ló ti fi kọ́ ọ nílé ìwé. Láti ọjọ́ náà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà tàbí ọ̀nà tí wọ́n béèrè tí kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Orí ọmọ náà sì ti ń wú díẹ̀.

Mọ́mì kó aṣọ lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi tú àpò aṣọ kọ̀ọ̀kan. Fà á síta bí ahọ́n. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Fi fóònù yẹn sílẹ̀ kí o tó lọ."

"Aago ni mo fẹ́ máa fi wò, mà."

Mọ́mì wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó jẹ́ kó máa lọ.

Aago kọ́ ló ń wò. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń retí fọ́tò láti àárọ̀. "Ìyá arìnrìn-àjò, kí la fẹ́ wò lónìí?" Ọ̀kan nínú wọn, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tiẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó jọ pé wọ́n ti há a mọ́lé." Ọ̀rọ̀ yìí ta á lára. "Ẹni tó níbi tó ń lọ ló ń sinmi," ló fi àtàǹpàkò ọ̀tún kọ padà, ó sì ń fi ọwọ́ òsì ju aṣọ sínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ kan kò ṣeé fi tú àpò. Ńṣe ló ń tẹ àpò lóde bí ẹni tó ń wò ó bóyá búrẹ́dì rọ̀: ṣòkòtò Dádì, ẹ̀wù Mọ́mì, káábà tí Màmá Àgbà bọ́ lálẹ́ àná kó tó sùn. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì, ó padà sídìí fóònù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, tó ń kó aṣọ jáde, nǹkan kan já bọ́ láti inú káábà Màmá Àgbà, ó ta lórí símẹ́ńtì. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó tutù, ó ń dán, òórùn ọṣẹ ló ń rùn.

Etí Màmá Àgbà ni.

Ó gbọ̀n ọ́n, omi kán sílẹ̀. Ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí èèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, á máa han bí ẹ̀fọn. Ó dákẹ́ lọ gbári. Ògbufọ̀ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: kó sáré gòkè, kó jí Dádì. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ohùn Mọ́mì lọ́kàn: "Ṣé mi ò ní kí o fi fóònù sílẹ̀?" Ó sì rántí pé Màmá Àgbà ṣì ń sùn, àti pé kò sí ẹni tó rí òun. Ó fi aṣọ nu ẹ̀rọ náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbẹ. Ó gòkè ní jẹ́jẹ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú Màmá Àgbà lójú fèrèsé, ó bá tirẹ̀ lọ. Aago mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni.

Màmá Àgbà jí ní aago mẹ́wàá. Ó ki ẹ̀rọ bọ etí, ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí," ó wí, "ṣé ọ̀rọ̀ lẹ̀ ń sọ, àbí ẹ kàn ń jẹnu?"

Dádì dìde tòun ti oorun lójú. Ó pààrọ̀ bátìrì, kò tiẹ̀ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ó fi òwú nu ún. Ó gbé e sóòrùn. Pàbó. "Màmá, ṣé ó bọ́ lọ́wọ́ yín ni?" ó béèrè, ó ń fi ọwọ́ júwe.

"Òógùn mi ni, kò lè ṣe kó má jẹ́ òógùn," ni Màmá Àgbà wí. "Lórí òkè lánàá, bí mo ṣe làágùn tó, à bá fi wẹ ọmọ. Ta ló rán arúgbó ní òkè gígùn?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Mo ti ba ìrìn àjò yìí jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ògbufọ̀ wà nídìí fèrèsé, ó ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ. Ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ ní aago mẹ́sàn-án ti di ẹrù ní aago mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mọ́.

Ọ̀sán náà ni onílé júwe ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe ẹ̀rọ etí kan fún wọn, òpópónà mẹ́ta sí ibẹ̀. Dádì, Màmá Àgbà àti Ògbufọ̀ ló lọ. Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni, ó kún fún dúrọ́ọ̀ kéékèèké láti ilẹ̀ dé àjà. Bàbá alátùn-únṣe de awò ńlá kan mọ́ iwájú orí, ó wá dà bí ẹni tó lójú mẹ́ta. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí aṣọ funfun, ó fi abẹ́rẹ́ ṣí i, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá bi Ògbufọ̀ ní èdè tirẹ̀ pé, "Ìgbà wo ló bọ́ sómi?"

"Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀," ni Ògbufọ̀ fi èdè náà dáhùn.

"Ṣé ẹ yọ bátìrì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀?"

"Rárá, sà."

Bàbá náà mi orí. Kò bínú, bí olùkọ́ tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. "Omi kọ́ ló pa á. Omi máa ń gbẹ. Ká ní ẹ ti yọ bátìrì nígbà náà, kí ẹ sì gbé e wá kíákíá, ǹ bá ti fi atẹ́gùn gbígbóná mú un gbẹ, ìbá sì máa ṣiṣẹ́ lọ́la. Iná bátìrì àti omi ti jọ wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Wò ó, wáyà rẹ̀ ti dógùn-ún. Wákàtí mẹ́ta yẹn ló pa á." Ó ní òmíràn á gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé, àti pé òun kò lè yá wọn ní tẹlòmíràn, nítorí ihò etí ẹnì kan kì í bá ti ẹnì kejì mu.

"Kí ló wí?" ni Dádì béèrè.

Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó gbọ́ èdè náà. Ẹnu Ògbufọ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn.

"Ó ní... ó ní ó ti gbó."

"Ó gbó? Ohun tí a rà ní ọdún méjì péré?"

Màmá Àgbà ń wo ẹnu àwọn méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dádì pariwo ọ̀rọ̀ náà sí i létí kó tó yé e. Ó mi orí. "Kò burú. Èmi náà ti gbó. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá." Ó fi áńkáṣíìfù wé ẹ̀rọ náà bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn. Ó wá rọra wí pé, "Bóyá kí á má wulẹ̀ lọ lọ́la mọ́. Kí ni mo fẹ́ lọ jókòó wò lẹ́nu rẹ̀? Kò ríran. Á máa bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní dáhùn, á rò pé mo ń bínú sí òun ni."

Ohun tí Ògbufọ̀ kò lè gbé mọ́ nìyẹn.

"Dádì, mo parọ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀: fóònù, àpò tí kò tú, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ alátùn-únṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Bàbá alátùn-únṣe kò gbọ́ èdè wọn, àmọ́ ó kọjú sídìí dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

"Wákàtí mẹ́ta," ni Dádì wí nígbẹ̀yìn. Kò gbé ohùn sókè. "Màmá ń bẹ̀ wá pé ká má bínú, ìwọ sì ń ká aṣọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Fúnra rẹ ni wàá sọ ọ́. Mi ò ní bá ọ ṣe ògbufọ̀."

Àga gbọọrọ kan wà níta ṣọ́ọ̀bù. Ògbufọ̀ jókòó sí òsì Màmá Àgbà, ó sì figbe sọ ọ́ sí i létí débi pé ẹni tó ń kọjá lọ wẹ̀yìn wò.

Màmá Àgbà fi ọwọ́ bo etí. "Pẹ̀lẹ́, má dá etí mi lu. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò nílé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ogójì ẹ̀rọ nínú gbọ̀ngán kan. Ẹni tó bá ń pariwo níbẹ̀, ara rẹ̀ ló ń pariwo fún. Gbé ẹnu sún mọ́ mi. Ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe jẹ́wọ́. Kò lè sáré kọjá lórí ibi tó ń ti í lójú. Ọ̀rọ̀ kan á jáde, á dúró kí Màmá Àgbà mi orí, kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Èmi. Ni. Mo. Fọ̀ ọ́.

"Tún un sọ. Wákàtí mélòó?"

"Mẹ́ta, Màmá."

"O sì jẹ́ kí n máa di ẹ̀bi ru ara mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Èyí ló dùn mí," ni Màmá Àgbà wí. "Ẹ̀rọ, irin lásán ni." Ó fa orí ọmọ náà mọ́ èjìká. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ létí mi, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. A ó lọ lọ́la."

"A ó lọ," ni Dádì wí. "Ọjọ́ mẹ́rin la ó lò níbẹ̀. Bí èmi àti ìyá rẹ bá ń lọ sétí òkun, ìwọ ò ní bá wa lọ. Àárín àwọn ìyá méjèèjì ni ìjókòó rẹ."

"Mo gbọ́, sà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ògbufọ̀ àti Màmá Àgbà jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ tuntun náà. Mọ́mì á sọ̀rọ̀ láti ìdí fèrèsé, Ògbufọ̀ á gbé e dé etí Màmá Àgbà.

"Tí àbúrò mi bá bú mi ńkọ́?" ni Màmá Àgbà béèrè. "Ẹnu rẹ̀ kò dáa láti kékeré."

"Màá ní wọ́n kí yín ni, Màmá."

"Irọ́ ti tún dé nìyẹn. Bó bá bú mi, bú mi. Bó ṣe pọ̀ tó ni kí o bù ú fún mi."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Fóònù Ògbufọ̀ dún lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò wò ó, nítorí ó ti kọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn pé iṣẹ́ tó gba ọwọ́ méjèèjì kò ṣeé fi ọ̀kan ṣe. Àmọ́ èyí kéré nínú ohun tó kọ́. Kò sí ọmọ tí kì í ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe sì dà bí omi, ó máa ń gbẹ. Fífi í pamọ́ ló ń jẹ ohun rere ní inú, wákàtí lẹ́yìn wákàtí, kí ojú tó rí i. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹni tó bá ṣẹ̀, kó sọ ọ́ nígbà tí ohun tó bà jẹ́ ṣì tutù, tó ṣì ṣeé tún ṣe.