Asiata Ní Òun Ló Pa Àbúrò Òun

Ọmọ ogójì ọjọ́ kì í déédéé kú, àmọ́ èyí tí Sàlímọ́tù bí kú. Ó sùn lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kò gbóná, kò wúkọ́, kò sì jí mọ́. Ní Rumuokwuta ni, lọ́dún 1969. Ogun ti kọjá ní Port Harcourt, ebi rẹ̀ ló kù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará àdúgbò ti rí àjẹ́ mú. Asiata ni, ẹ̀gbọ́n òkú, ọmọ ọdún márùn-ún! Ẹ gbà mí o, ọmọ tí kò tíì lè nu ikun imú ara rẹ̀! Wọ́n ní igún bà sórí páánù ilé wọn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ogun, òrùlé ta ni igún kò bà lé?

Òótọ́ ni pé kò fẹ́ràn ọmọ náà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló ti ń sunkún pé, "I no want am! Ẹ dá a padà!" Bí ìyá wọn bá ti fún un lọ́yàn, Asiata á já a léèékánná. Ọmọ wo ni kì í jowú àbúrò?

Lọ́jọ́ kejì, Bashiru télọ̀, bàbá rẹ̀, pe ààfáà kan láti Elelenwo. Ààfáà tẹjú mọ́ ọmọ náà.

"Ṣé ìwọ lo pa àbúrò rẹ?"

Ààfáà bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Mo ní kó kú. Ó sì kú."

Ilé dàrú. Boma, aládùúgbò wọn, káwọ́ lérí: "Chai! Na from im own mouth!" Ààfáà ní òun yóò mú un lọ, òun yóò fi ebi àti ẹgba mú kó pọ ẹyẹ inú rẹ̀.

Sàlímọ́tù wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá Asiata! Àná ni mo sin ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí n sin méjì." Bashiru kò lè wò ó lójú.

Rùkáyátù, ẹ̀gbọ́n Bashiru tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, dìde.

"Bashiru, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n bí ọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó o kú. Mo tiẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ sí ọ lẹ́nu. Ìyá wa gbá mi létí, ó fún mi lẹ́kọ mu, ó parí. O ò kú, èmi náà ò sì di àjẹ́. Èwo wá ni ti ọmọ yìí?"

Omi lé ròrò sójú Bashiru.

"Ààfáà, ẹ máa lọ. Ọmọ mi ò lọ síbì kankan."

Sàlímọ́tù sáré lọ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Asiata sá fún un, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Màámi, abeg, ẹ má sún mọ́ mi. Mà á pa ẹ̀yin náà."