Jemilat àti Òjìji Igi Máńgòrò

"Mọ́mì, mo ń lọ sétí odò o. Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù."

Mo sáré dúró sẹ́nu ọ̀nà. Jemilat, ọmọ mi, ti há pákó ìyàwòrán mọ́ abíyá.

"Odò wo? Ìwọ nìkan?"

"Haba, Mọ́mì! Ẹ̀yìn àdúgbò wa, Barnawa níbí, ni. Màlám tó ń kọ́ wa níyàwòrán ní kí kálukú lọ ya igi máńgòrò tó wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó bá yà á dáadáa máa lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán ní Zaria."

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní Afaka, nítòsí wa, bí ọkọ̀ bá rọra kọjá lásán, màá yọjú lójú fèrèsé. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

"Ṣebí Fọlábí ẹ̀gbọ́n rẹ ya fọ́tò ibẹ̀ láàárọ̀, nígbà tó ń lọ ra búrẹ́dì? Ní kó fi ránṣẹ́. Jókòó síbí kó o wò ó yà."

"Màlám ní a ò gbọdọ̀ wo fóònù."

"Ta ló máa sọ fún un?"

Ó wò mí. Ó tún wo ọ̀nà. Ó jókòó. Ó yà á, ó rẹwà. Ó wá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: "Etí odò, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

Lọ́jọ́ Ajé, ó fẹkún wọlé. Màlám Ọláṣẹ̀hìndé ti gbé àwòrán náà sókè ní kíláàsì.

"Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà ìlà-oòrùn ni òjìji igi máa ń ṣubú sí. Tìrẹ kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Jemilat, ṣé o débẹ̀?"

Ó ní òun débẹ̀. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ sá o! Jemilat ti dá oòrùn padà!" Màlám yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń du àǹfààní Zaria. Àárọ̀ ni Fọlábí ya fọ́tò tó wò yà; a ò rántí òjìji.

Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tẹ̀ lé e lọ síléèwé.

"Màlám, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo dá a dúró. Ẹ̀rù ló… ẹ̀rù ló bà mí."

"Ìyá Jemilat, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ní kó ya igi inú ọgbà wa níbí."

Mo fẹ́ tún bẹ̀ ẹ́. Jemilat di ọwọ́ mi mú.

"Mọ́mì, ó tó. Ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ aago mẹ́rin. Màlám, ẹ má bínú, sà."

Màlám dárí jì í, ṣùgbọ́n kò dá orúkọ náà padà. Àwọn mẹ́ta mìíràn ló lọ sí Zaria.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù òbí yín lè má jẹ́ ẹ̀rù lásán. Ẹ má fi irọ́ bò ó. Ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ yín ní gbangba. Ẹ̀rù mi ò tíì lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo kọ́ ọmọ mi ló gba Zaria lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe odò.