Páànù Bàbà Méjì

Òkú tẹlifíṣọ̀n lọmọbìnrin náà wá rà lọ́wọ́ mi.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na ìka sí àwọn tí mo tò sẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ máa ta àwọn tó ti kú yẹn?"

"A kì í ta òkú níbí. Àtúnṣe là ń ṣe."

"Ẹ má tún wọn ṣe o. Bí wọ́n ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ wọn."

Mo wò ó. Ó fi wáyà pupa we ìka bí òrùka. Mo kó mẹ́sàn-án fún un, mo sì bá a gbé wọn délé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni yàrá rẹ̀ wà. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì jókòó lé e. Ó ní iṣẹ́ ọnà lòun ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Tòun máa ń dáni lóhùn. Béèyàn bá fọwọ́ kàn án, òun náà á ṣe nǹkan.

"Ta ló ń ṣe irú ẹ̀?" mo bi í.

"A pọ̀."

Ó tan kọ̀ǹpútà. Ohùn àwọn èèyàn ń jáde nínú rẹ̀, láti ìlú tí mi ò dé rí. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan ti ṣe àga tó máa ń sunkún béèyàn bá dìde lórí ẹ̀. Òmíràn ṣe òdòdó onírin tó ń ṣí bí wọ́n bá kọrin fún un. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbà mí o, Ọ̀gá Dákẹ́ rẹ́rìn-ín!"

Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn látọjọ́ náà. Èmi ń pè é ní Oníná.

Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe iṣẹ́ náà. Mo mú kí ojú àwọn tẹlifíṣọ̀n náà lè tàn. Òun kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sínú kọ̀ǹpútà. A kan páànù bàbà kan mọ́ ọ̀tún, a kan ọ̀kan mọ́ òsì. Apá ẹnì kan kò lè gùn dé méjèèjì. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan á gbé ọwọ́ lé tọ̀tún, ẹnì kejì á gbé ọwọ́ lé tòsì, wọ́n á wá di ara wọn mú láàárín. Iná tí kò lè pa èèrà á gba ara wọn kọjá.

Ọjọ́ tí a dán an wò ni mo kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tàn. Ohun kan bí omi ń ṣàn láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Mo fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Omi náà yára.

"Ẹ rọra, ọ̀gá," ó ní. "Ó ti ń tú yín láṣìírí."

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo rò pé ó ti hàn tó lójú tẹlifíṣọ̀n.

Òun sọ tirẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Dákẹ́ mi. Ó yá, sọ tìẹ."

"O ti mọ̀."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ni."

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ parí òjé tí à ń yọ́ mọ́ wáyà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù bàbá wa ni mo jókòó sí. Òun ló dì í mú dè mí títí mo fi dàgbà. Ó wá wo iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan.

"Òkú tẹlifíṣọ̀n mẹ́sàn-án," ó ní. "Ẹ ò bá kúkú gbẹ́ sàréè fún wọn."

Oníná rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jí."

Ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ sẹ́yìn. "Ọwọ́ mi dọ̀tí."

Ìwé dé lẹ́yìn náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Oníná tó ń bá pàdé nínú kọ̀ǹpútà ti yan iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ kó gbé e ká àwọn ìlú wọn fún ọdún kan. Nítorí pé ẹni méjì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, ẹni méjì ni wọ́n máa gbà lálejò. Bó bá ti di Sátidé, wọ́n á bi í pé: "Ẹni kejì dà? Ṣé ó ń bọ̀?"

"Ká ṣègbéyàwó ká tó lọ," Oníná wí fún mi. "Tàbí ká ṣe é lọ́hùn-ún. Èyí tó bá wù ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní: "Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ta ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù bàbá wa? Ṣé ìwọ lo wá máa gbé ẹrù tẹ̀lé obìnrin láti ìlú dé ìlú, níbi tí wọn ò ti mọ orúkọ ẹ?"

Mi ò dá a lóhùn. Mi ò dá Oníná náà lóhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kó dá nìkan dé ọ̀hún, kí iṣẹ́ náà kọ̀ láti tàn lójú àlejò. Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ẹ̀yìn páànù òsì, mo so wáyà kan mọ́ ọn, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ kan ti tó. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Mi ò ṣe èyí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dé.

"Gbé ọwọ́ lé tọ̀tún," mo ní.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ṣáà gbé e lé e."

Ó gbé e lé e. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tàn. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó wá wo ọwọ́ rẹ̀ kejì tó ṣófo.

"Kí lo ṣe?"

"Mo tún un ṣe. Kò ní dójú tì ẹ́. Ìwọ nìkan lè lọ."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó bàjẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí.

"Bí ẹ̀gbọ́n wa bá ní kó o má lọ, wí fún mi. Bí ẹ̀rù ló ń bà ẹ́, wí fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́, Dákẹ́. Fi ẹnu sọ ọ́. Má fi wáyà sọ ọ́."

"Ó ti ń ṣiṣẹ́," ni mo wí.

Ó bọ́ òrùka pupa náà, ó gbé e sórí àpótí irinṣẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ló lọ. Èmi ni mo bá a di ẹrù. Mo dì í dáadáa, kí nǹkan kan má fọ́.

Kò sẹ́ni tó so mí mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí kó tó kú pé: "Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́ fún ẹ?" Mo ní rárá. Òótọ́ ni. Ká ní mo lanu ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá bínú fún oṣù kan, ì bá sì gbà.

Lọ́dún yìí, ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí Oníná lọ, iṣẹ́ náà padà wá sílùú wa. Oníná kò bá a wá. Ó ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e kiri.

Mo lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń ṣọ́ ọ.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹni méjì ni o. Ṣé ẹ mú ẹnì kan wá?"

"Rárá."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú."

"Dúró ná."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú wo ẹ̀yìn páànù òsì. Wọ́n ti gé wáyà mi. Òjé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kékeré, ó ń dán.

"Ẹnì kan ló so wáyà síbẹ̀ nígbà kan," ọmọ náà ní. "Ìlú àkọ́kọ́ tí Ìyá tó ṣe é gbé e dé ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn gé e. Àmọ́ wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ha òjé yẹn kúrò. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kejì ni."

"Ta ló máa ń bá a dì í mú?"

"Ìyá? Wọn kì í fọwọ́ kàn án fúnra wọn. Àlejò ni wọ́n máa ń ní kó fọwọ́ kàn án."

Mo dìde. Mo gbé ọwọ́ lé páànù ọ̀tún. Mo na ọwọ́ kejì sí òsì. Kò dé ibẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n.

Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dúdú.

"Àbí ó ti bàjẹ́ ni, Bàbá?"

"Rárá," ni mo wí. "Kò bàjẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."