Abẹ́rẹ́ Tó Sùn Lójú Ọ̀nà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ti ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ ká ẹsẹ̀ kò, kí ọmọdé ráyè jókòó síwájú. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kan ni, kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́ ìránṣọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń tòògbé nínú mọ́tò ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ìkùukùu bo ọ̀nà òkè bí aṣọ funfun tí wọ́n sá sóòrùn. Búrẹ́dì gbígbóná kún ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń mí èémí dídùn sí i lọ́rùn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe réwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ti sùn lọ láàárín páànù búrẹ́dì. Wọ́n ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́, ń wakọ̀, ó ń fimú kọrin.

Níwájú rẹ̀, abẹ́rẹ́ géèjì, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, sùn fọnfọn síbi tútù.

Tẹ́lẹ̀, kì í sùn. Bí wọ́n bá ti ṣíná mọ́tò láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù bí imú ajá, wàrà ló máa fò síbi pupa. Ẹ̀rù a sì ba Ìyá Oníbúrẹ́dì.

"Mọ́tò yìí lọwọ́, òun lẹsẹ̀ wa o. Bó bá kú, ta ni yóò ru búrẹ́dì gòkè?"

Kí ọkàn ìyàwó lè balẹ̀, Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ wáyà kan. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Ilé tòrò.

Lójú oorun, Ìyá Oníbúrẹ́dì gbọ́ òórùn kan, bíi ṣúgà tó ń yọ́ lórí iná. Ó rí ara rẹ̀ nínú ilé búrẹ́dì tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ìkùukùu. "Búrẹ́dì mi ti ń jó," ló wí lójú àlá. Ó na ọwọ́ sí ààrò, kò bá ààrò níbẹ̀. Ó lajú. Ohun tó rò pé ìkùukùu ni ń ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde, ó ń hó ṣìì.

"Ẹ dúró! Búrẹ́dì kọ́ ló ń jó o!"

"Wo géèjì, ó tutù," ni ọkọ wí. Ṣùgbọ́n ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa mọ́tò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Omi ló gbẹ. Ẹ jẹ́ n ṣí rédíétọ̀, kí n bu omi sí i."

Ó ti dojú kọ ìdérí rẹ̀. Ìyàwó ké pe àbúrò ọkọ rẹ̀:

"Eyínfúnjowó! Ẹ jí o! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín!"

Réwáyà bẹ́ jáde, èérún búrẹ́dì nínú irun rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí yẹn! Ṣé omi híhó lẹ fẹ́ fi bọ́jú láàárọ̀ yìí ni?"

Ọkọ fọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

Réwáyà nawọ́ sí sẹ́ńsọ̀, irin kékeré tó ń tọ́ ooru omi wò fún géèjì. "Ta ló yọ wáyà orí sẹ́ńsọ̀ yìí?"

Ìyàwó wo ọkọ, ọkọ wojú ọ̀run. "Èmi ni. Ó ń kó ìyàwó mi láyà sókè."

"Irọ́ ló ń pa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dí i lẹ́nu, ẹ ò tún un ṣe. Ọjọ́ tí òótọ́ wá dé, kò rẹ́nu sọ ọ́."

Kí ẹ́ńjìnnì tó tutù, wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ń bọ̀ wálé, ń yọ látinú ìkùukùu ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wọ inú àlá ẹlòmíràn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń bù fún wọn.

"Nígbà tí ẹ yọ wáyà," réwáyà wí, ó ń jẹun lọ, "ṣé abẹ́rẹ́ wálẹ̀?"

"Kíá."

"Ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò láìmọ̀ nìyẹn! Bó bá wálẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ń tọ́ ooru omi wò ló bàjẹ́. Ká ní ó dúró lókè ni, á jẹ́ pé wáyà ti bó níbì kan, ó ń kan irin. Ó ku díẹ̀ kí ẹ parí iṣẹ́, ẹ lọ sùn."

"Ìyàwó rẹ ló ní kí n sùn," ni ọkọ wí.

"Èmi kẹ̀? Ẹ má fi tèmi kún un o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, réwáyà fi àkísà ṣí ìdérí. Inú ti gbẹ. Ìdè rọ́bà omi ló tú. Ó dè é, ó bu omi kún un. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò jìnnà síwájú mọ́, ó mú sẹ́ńsọ̀ tuntun wá, ó fi wáyà sí i. Wọ́n ṣíná. Abẹ́rẹ́ rọra dìde bí ìyẹ̀fun pípò tó ń wú, ó dé ìsàlẹ̀ àárín, ó dúró síbẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì dá orin, àwọn ará ọ̀nà ń gbè é:

*Abẹ́rẹ́ o, abẹ́rẹ́,*
*Má sùn o.*
*Omi ń hó nínú irin,*
*Má sùn o.*
*Ojú olówó orí mi ṣọ̀wọ́n,*
*Má sùn o.*

Ará ilé, ẹ gbọ́. Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá ń ṣe ségesège, ẹ má yọ wáyà rẹ̀ kí ẹ máa wakọ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, torí bí omi bá gbẹ, sẹ́ńsọ̀ tó yè pàápàá lè sọ pé ó tutù. Mọ́tò ìgbàlódé ní wáyà tó díjú. Ẹ gbé e fún réwáyà. Bí èéfín bá yọ, ẹ yà, ẹ pa mọ́tò, ẹ dúró. Ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná kì í ṣe ohun à ń ṣí. Ìrìn àjò lè pẹ́. Ojú kò ní ìpààrọ̀.

Báyìí ni búrẹ́dì tán, tí ìkùukùu ká. Àwọn òṣìṣẹ́ òru gba ilé lọ, ikùn wọn kún, orin ṣì wà lẹ́nu wọn. Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ fi mọ́tò gbé ìyàwó rẹ̀ padà sílé láti lọ yan òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó kò tòògbé. Ojú abẹ́rẹ́ ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.